Ẹ̀gbin Lọ́ńdọ́nù àti Àwọn Ará Ìsàlẹ̀ Odò

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ìmọ́tótó ìlú, Lọ́ńdọ́nù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa tọ́ka sí. Èmi kò bá wọn jiyàn. Ibi tí wọ́n kó ẹ̀gbin náà lọ ni mo fẹ́ kí a wò.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn 1858, odò Thames rùn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi oògùn apòórùn rẹ aṣọ fèrèsé Ilé Aṣòfin. Kò pẹ́ tí owó fi jáde. (Imú àwọn ọlọ́lá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ òórùn ohun tí mẹ̀kúnnù ti ń mu tipẹ́tipẹ́ ni.) Joseph Bazalgette fi bíríkì mọ ihò ńláńlá sábẹ́ ilẹ̀, ó lé ní máìlì 80. Lẹ́yìn 1866, àjàkálẹ̀ kọ́lẹ́rà kò tún jà ní Lọ́ńdọ́nù mọ́. Iṣẹ́ ńlá ni!

Ṣùgbọ́n Beckton àti Crossness, ní ìsàlẹ̀ odò, ni ihò wọ̀nyí parí sí. Wọn kò sọ ẹ̀gbin náà di mímọ́ rárá. Bí omi bá ti ń fà lọ sókun, wọn a tú u sódò. Àwọn ará Barking ké títí, a kò fi bẹ́ẹ̀ dá wọn lóhùn.

Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án 1878, ọkọ̀ Princess Alice, tí ó kó àwọn afẹ́ bọ̀, forí sọ ọkọ̀ mìíràn nítòsí ibẹ̀. Ó lé ní 600 ènìyàn tí ó kú. Àwọn tí ó yè sọ bí omi náà ti rí lẹ́nu wọn. N kò lè tún un sọ níhìn-ín.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tó ń ya gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kúrò lára omi. Láti 1887, ọkọ̀ ń kó o lọ dà sínú òkun. Ọdún 1998 ni wọ́n tó ṣíwọ́.