Ẹ́ńjìnnì Dísẹ̀lì nínú Ọkọ̀ Alágbára ti Ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Láàrin àwọn tí ó fẹ́ràn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í ṣàìdá awuyewuye sílẹ̀. Bí ẹnì kan bá mú ọkọ̀ alágbára àtijọ́, irú èyí tí wọ́n ṣe láàrin ọdún 1964 sí 1972, tí ó yọ ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù inú rẹ̀, tí ó sì fi ti dísẹ̀lì rọ́pò rẹ̀, àwọn kan yóò pe onítọ̀hún ní ọlọ́gbọ́n, àwọn mìíràn yóò sì sọ pé ó ba ohun àjogúnbá jẹ́. Àwọn tí ń bínú gbà pé ẹ́ńjìnnì irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni a dá mọ́ ọn láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ìtàn kò fi bẹ́ẹ̀ gbè sẹ́yìn wọn.

Kí ni ọkọ̀ alágbára gan-an? Ara ọkọ̀ tí kò tóbi jù, tí a gbé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ńlá sí nínú, ni. Pontiac GTO, tí ọ̀pọ̀ òpìtàn kà sí aṣáájú wọn, jẹ́ ẹ̀rí. Ilé-iṣẹ́ General Motors ní òfin nígbà náà pé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ agbedeméjì kò gbọdọ̀ ju lítà 5.4 lọ. John DeLorean àti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Bill Collins àti Russell Gee, ṣàkíyèsí pé ẹ́ńjìnnì lítà 6.4 ti àwọn ọkọ̀ ńlá Pontiac lè wọ inú Tempest láìsí wàhálà. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: wọn kò pe GTO ní ọkọ̀ tuntun, àfikún tí oníbàárà lè sanwó fún lórí ọkọ̀ LeMans ni wọ́n pè é, òfin náà kò sì dé ọ̀dọ̀ àfikún. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún ni wọ́n ní lọ́kàn fún ọdún 1964. 32,450 ni wọ́n tà. Ìpàrọ̀ ẹ́ńjìnnì ni ó bí ọkọ̀ alágbára.

Ti dísẹ̀lì ti pẹ́ ju èyí lọ. Rudolf Diesel, ará Jámánì, ni ó ṣe èyí tí ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ dáadáa, ní Augsburg ní ọdún 1897. Kò ní pọ́lọ́ọ̀gì tí ń ṣáná. Afẹ́fẹ́ ni ó máa ń fún pọ̀ títí tí yóò fi gbóná janjan. Bí epo bá ti kàn án, iná yóò sọ. Nítorí ìfúnpọ̀ yìí, irin rẹ̀ gbọ́dọ̀ nípọn, ó sì máa ń wúwo. Ìdí nìyẹn tí ayé fi kà á fún ìgbà pípẹ́ sí ohun ọkọ̀ ojú omi, àti ti irú agbégilódò tí ariwo rẹ̀ máa ń jí gbogbo àdúgbò.

Ní ìlú Columbus, ní ìpínlẹ̀ Indiana, ọkùnrin kan kò gbà bẹ́ẹ̀. Clessie Cummins ti jẹ́ awakọ̀ fún ìdílé Irwin, àwọn onílé ìfowópamọ́, kí wọ́n tó ràn án lọ́wọ́ láti dá ilé-iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ ní ọdún 1919. Nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dojú dé ní òpin ọdún 1929, W. G. Irwin ti ń gbèrò láti pa iṣẹ́ náà tì. Cummins gbé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi kan sínú Packard àlòkù, ó sì fi gbé Irwin jáde ní ọjọ́ Kérésìmesì. Ọkàn olówó náà rọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1930, Cummins wa ọkọ̀ kan náà láti Indianapolis dé New York, ìrìn tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó máìlì 800. Dọ́là kan àti sẹ́ǹtì 38 ni owó epo rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí ó kù díẹ̀ kí ó kú ṣì wà títí di òní.

Ó tún lọ sí pápá ìdíje. Ní ọdún 1931, ọkọ̀ rẹ̀ tí Dave Evans wà sá máìlì 500 ti Indianapolis láìdúró rárá, ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ti ọdún 1952 ni ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ó fẹ́ pàrọ̀ ẹ́ńjìnnì wò fínnífínní. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù ni, ó ga, ó sì wúwo. Wọ́n dá a dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n sì kan ara ọkọ̀ yí i ká, kí ọkọ̀ náà lè sún mọ́ ilẹ̀. Fred Agabashian fi í ṣe ipò kìn-ín-ní níbi ìdánwò, ó sá máìlì 138 ní wákàtí kan. Ní ọjọ́ ìdíje, pàǹtí rọ́bà táyà dí ẹnu ẹ̀rọ tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ náà sì dákẹ́ lẹ́yìn ìyípo 71. Èyí kò bu ọgbọ́n tí wọ́n fi kàn án kù.

Ìyàtọ̀ hàn nígbà tí General Motors dáwọ́ lé tirẹ̀. Epo ti wọ́n láti ọdún 1973, ìjọba sì ti pàṣẹ pé kí ọkọ̀ dín epo jíjẹ kù. Fún ọdún 1978, Oldsmobile gbé dísẹ̀lì onísìlíńdà mẹ́jọ jáde. Nígbà tí ó di 1979, ó ti wọ inú Cutlass, ọkọ̀ tí 4-4-2 alágbára ti inú rẹ̀ jáde. Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù ni wọ́n kàn yí padà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Irin ìdí rẹ̀ nípọn ju ti bẹntiróòlù lọ. Ibi tí wọ́n ti kù díẹ̀ káàtó ni àwọn bóòtù tí ó de orí ẹ́ńjìnnì mọ́ ìdí rẹ̀. Kí wọ́n lè lo ẹ̀rọ iṣẹ́ kan náà, wọ́n fi iye bóòtù àti ààyè wọn sílẹ̀ bí ti bẹntiróòlù, ìfúnpọ̀ dísẹ̀lì sì ju ohun tí wọ́n lè dì mú. Wọ́n tún fo ẹ̀rọ tí ń yọ omi kúrò nínú epo. Bóòtù nà, gásíkẹ́ẹ̀tì jó, omi wọ pọ́ǹpù epo. Àwọn oníbàárà kan gba ilé ẹjọ́ lọ. Àwọn mìíràn yọ dísẹ̀lì náà dànù, wọ́n fi bẹntiróòlù sí i. Ní ọdún 1985 wọ́n pa á tì, ṣùgbọ́n orúkọ dísẹ̀lì ti bàjẹ́ lójú ọlọ́kọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ Amẹ́ríkà.

Èyí tí ó tún orúkọ náà ṣe ni Cummins lítà 5.9 tí Dodge gbé sínú ọkọ̀ akẹ́rù kékeré rẹ̀ fún ọdún 1989. Agbára ẹṣin 160 péré ni ó ní, kò tó ìdajì ti àwọn Dodge Charger tí ó le jù ní 1968. Ṣùgbọ́n ipá tí ó fi ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀ pọ̀, kì í sì í dúró kí ẹ́ńjìnnì sáré kí ó tó fi í hàn. Òun ni ọ̀pọ̀ ń gbé sínú Charger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lónìí, ibẹ̀ sì ni ẹ̀kọ́ 1952 ti wúlò. Ó tó ìwọ̀n kílò 500, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ńlá tí ó rọ́pò kò ju nǹkan bí 300 lọ. Sípíríǹgì iwájú kò lè wà bí ó ti wà. Kì í yí kíákíá, nítorí náà gíápọ́ọ̀sì àti eyín ásù ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ yàtọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ariwo nìkan ni yóò máa pa lójú títì. Èyí tí àwọn tí ń kánjú máa ń gbàgbé ni bíréèkì. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù máa ń fa afẹ́fẹ́ lọ́nà tí ó ń ran bíréèkì lọ́wọ́. Dísẹ̀lì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọn kò bá fi pọ́ǹpù mìíràn sí i, agbára ẹsẹ̀ awakọ̀ nìkan ni yóò máa dá ọkọ̀ tí ó ti wúwo sí i dúró.

Níbi kan ṣá, àwọn tí ń bínú jàre. Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì àtilẹ̀wá rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀, tí nọ́ńbà méjèèjì bá ara mu, ti di ẹ̀rí ìtàn, kì í sì í ṣe ohun tí a ń fi ayùn gé. Kòròfo ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti sọnù tipẹ́ ni mẹkáníìkì tí ó ní làákàyè máa ń wá. Èyí tí kò bá rí irú rẹ̀ yóò di ẹ́ńjìnnì àtijọ́ sínú àpótí ní igun ilé iṣẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo bóòtù rẹ̀, nítorí ẹni tí yóò ra ọkọ̀ náà lọ́jọ́ iwájú lè béèrè rẹ̀.