ÈSÚSÚ ÀTI ÌTÀN YÍYÁ OWÓ RA ILÉ FÚN ẸNI TÍ KÒ NÍ ÀKỌSÍLẸ̀ GBÈSÈ

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, ẹni tí ó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà. Òwe yìí fi hàn pé ó pẹ́ tí àwọn baba ńlá wa ti mọ̀ pé ọwọ́ tí ènìyàn fi san gbèsè àná ni a fi ń mọ̀ bóyá ó yẹ kí a yá a lówó lónìí. Èyí gan-an ni ilé ìfowópamọ́ òde òní ń wá nígbà tí ènìyàn bá fẹ́ yá owó ra ilé, tí yóò sì fi ilé náà dógò títí yóò fi san án tán. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹnu ará àdúgbò àti ẹgbẹ́ ni ẹ̀rí tiwa wà. Inú ìwé ni tiwọn wà. Iṣẹ́ yìí gbé ìtàn èsúsú yẹ̀ wò láti ilẹ̀ Yorùbá dé òkè òkun. Èrò wa ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a sọ pé wọn kò ní ìtàn gbèsè ni ó ní in, ṣùgbọ́n ẹni tí ń yáni lówó kò rí i kà.

Èsúsú nílẹ̀ Yorùbá

Láyé àtijọ́, ẹni tí owó kàn tí kò sì ní ohun ìdógò lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe fún olówó dúró fún èlé. Kò dín gbèsè kù rárá. Ọ̀nà mìíràn tí kò gba irú ìyà bẹ́ẹ̀ ni èsúsú. Samuel Johnson ṣe àpèjúwe rẹ̀ nínú ìwé The History of the Yorubas, èyí tí ó kọ parí ní 1897 ṣùgbọ́n tí a kò tẹ̀ jáde títí di 1921. Ní 1952, William Bascom náà kọ odidi àpilẹ̀kọ kan lé e lórí.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Kí a sọ pé ènìyàn 10 ń dá N1,000 lọ́sẹ̀. Ẹni tí ó kọ́kọ́ kó èsúsú yóò gba N10,000 nígbà tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì dá ju N1,000 lọ. Gbèsè N9,000 wà lọ́rùn rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí ó kó o kẹ́yìn ni ó ti ń yá àwọn yòókù lówó láti ọjọ́ yìí wá, kò sì gba èlé kankan. Ìdí nìyí tí a fi máa ń fi ẹni tí a kò tíì mọ ìwà rẹ̀ sẹ́yìn. Bí ó bá dá tirẹ̀ pé láìyẹ ọjọ́, a lè sún un síwájú nígbà tí a bá tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ìtàn gbèsè ni ó ń kọ bẹ́ẹ̀, bí kò tilẹ̀ sí gègé àti tádàwá níbẹ̀.

Èsúsú lókè òkun

Àwọn Yorùbá tí ó dé Trinidad lásìkò òwò ẹrú àti lẹ́yìn rẹ̀ mú àṣà yìí dání. Susu ni wọ́n ń pè é níbẹ̀ títí di òní. Ní Jàmáíkà, irú àṣà bẹ́ẹ̀ ń jẹ́ pardner.

Nígbà tí ọkọ̀ Empire Windrush gúnlẹ̀ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Kẹfà ọdún 1948, tí àwọn ará erékùṣù wọ̀nyí sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọ ibẹ̀, wọ́n rí iṣẹ́ ṣe, ṣùgbọ́n ilé ṣòro. Ọ̀pọ̀ onílé kò gba aláwọ̀ dúdú. Òfin kò sì ka ìyẹn léèwọ̀ títí di 1968. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ń yáni lówó ra ilé kọ̀ wọ́n. Ẹ̀rù sì ń ba àwọn ilé-iṣẹ́ náà láti yáni lówó lórí àwọn ògbólógbòó ilé tí agbára àwọn àlejò náà ká. Susu àti pardner ni púpọ̀ nínú wọn fi kó owó àsansílẹ̀ jọ tí wọ́n fi di onílé ní Brixton àti Notting Hill.

Síbẹ̀, èsúsú kò lè san gbogbo owó ilé. Gbèsè ńlá tí ó kù wà lọ́wọ́ ayánilówó, ẹni tí kò mọ̀ pé oníbàárà òun kò yẹ ọjọ́ èsúsú rí. Nítorí bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn gba owó tí èlé rẹ̀ ga ju ti aládùúgbò wọn aláwọ̀ funfun lọ.

Ní Amẹ́ríkà, òǹkà FICO, tí ó fi ìtàn gbèsè ènìyàn wọn bí a ṣe lè gbẹ́kẹ̀ lé e tó, jáde ní 1989. Ní 1995, Fannie Mae àti Freddie Mac, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá méjì tí ń ra gbèsè ilé lọ́wọ́ ilé ìfowópamọ́, dámọ̀ràn pé kí a máa lò ó. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó yá owó ra ọkọ̀ tí ó sì san án ní ẹ̀rí. Ayálégbé tí ó ti ń san owó ilé lóṣooṣù fún 20 ọdún lè máà ní nǹkan kan láti fi hàn. Ní 2018, Abbey Wemimo, ọmọ tí a bí ní Èkó, àti Samir Goel dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ níbẹ̀ tí wọ́n sọ ní Esusu. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fi àkọsílẹ̀ owó tí ayálégbé ń san ránṣẹ́ sí àwọn tí ń tọ́jú ìtàn gbèsè. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, Fannie Mae pẹ̀lú bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó ilé tí ayálégbé ń san déédéé mọ́ ẹ̀rí rere.

Nàìjíríà ńkọ́?

A dá Nigerian Building Society sílẹ̀ ní 1956; òun ni ó di Federal Mortgage Bank of Nigeria ní 1977. Òfin National Housing Fund ti 1992 ní kí òṣìṣẹ́ máa dá ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ sí àpò kan, kí ó sì lè yá owó ilé níbẹ̀. Ojú èsúsú ni ètò yìí jọ: dídá ni ó ṣáájú kíkó. Ṣùgbọ́n òfin ilẹ̀ ti 1978 ní kí gómìnà fọwọ́ sí i kí a tó lè fi ilẹ̀ dógò. Ẹni tí ilẹ̀ ẹbí nìkan ni ó ní, tí kò ní ìwé, yóò dúró síta. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyálọ́jà tí ó ti ń dá àjọ lójoojúmọ́ láti ọdún pípẹ́: alájọ rẹ̀ mọ̀ ọ́n, ilé ìfowópamọ́ kò mọ̀ ọ́n.

Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí ìtàn yìí kọ́ wa ni pé àìní ìwé kò túmọ̀ sí àìní ìṣòótọ́. A kò sọ pé ìwé dára ju ẹnu lọ ní gbogbo ọ̀nà. Ẹgbẹ́ èsúsú mọ ẹni tí àìsàn mú kí ó yẹ ọjọ́, wọn a sì fori jì í. Òǹkà inú ìwé kò mọ àìsàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí ẹnu kì í kọjá ibi tí a ti mọ ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ilé rírà ń mú wa dé ọ̀dọ̀ àjèjì.

Nítorí náà, a dá a lábàá pé kí àwọn ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn olùkọ́ àti ti ọlọ́jà máa kọ ọjọ́ àti iye tí olúkúlùkù dá sílẹ̀, kí wọ́n sì fún ọmọ ẹgbẹ́ ní ẹ̀dà tirẹ̀. Ní ti àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá, kí wọ́n má ṣe kọ́ni ní èsúsú gẹ́gẹ́ bí àṣà tí ó ti kọjá lọ. Kí wọ́n jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ṣírò gbèsè ẹni tí ó kọ́kọ́ kó èsúsú, kí ó sì sọ ìdí tí a fi gbẹ́kẹ̀ lé e.