Láti Ọta Kírìjì dé Ara Oníhò: Ìtàn Afẹ́fẹ́ Tó Ń Dàrú

Ààrẹ Látòósà, olórí ogun Ìbàdàn, tí Òkè-Ààrẹ n'Ìbàdàn ń jẹ́ orúkọ oyè rẹ̀ dòní, kò padà sílé láti Ogun Kírìjì. Ibùdó ogun ló kú sí ní 1885. Ṣakabùlà ni àwọn ọmọ ogun rẹ̀ gbójú lé. Àwọn Èkìtì Parapọ̀ ní tiwọn rí ìbọn òyìnbó gbà láti Èkó, irú èyí tí wọ́n ń ki ọta sí láti ẹ̀yìn, ojú Ìbàdàn sì rí màbo. Snider, ọ̀kan nínú irú ìbọn bẹ́ẹ̀, ń ta ọta ní nǹkan bí 380 mítà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ohùn kò lè sá tó bẹ́ẹ̀; bí 345 ló mọ. Ọta lè ti ba èèyàn kó tó gbọ́ ìró rẹ̀.

Lọ́dún 1886 tí wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn láti dá ogun náà dúró, Peter Salcher ń bá Ernst Mach ya fọ́tò ọta tó ń sáré ju ohùn lọ, ní Fiume létí òkun Adriatic. Nínú fọ́tò náà, ìgbì là níwájú ọta bí omi ṣe ń là níwájú ọkọ̀; lẹ́yìn rẹ̀, afẹ́fẹ́ dàrú, ó ń yí bírí-bírí.

Osborne Reynolds ti ń wádìí irú ìdàrú bẹ́ẹ̀ nínú omi ní Manchester ní 1883. Ní 1904, Ludwig Prandtl ọmọ Jámánì ṣàlàyé pé afẹ́fẹ́ tó bá kan ara nǹkan lẹ̀ mọ́ ọn ni. Ìpele tín-ín-rín tó wà níbẹ̀ ni gbogbo gbọ́nmi-si-omi-ò-to ti ń ṣẹlẹ̀.

Ìwádìí tó wù mí jù ni ti Johann Nikuradse, tó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1933. Ó sẹ́ iyanrìn kí hóró rẹ̀ lè bára dọ́gba, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú páìpù tí omi ń gbà kọjá. Bí hóró bá fara pamọ́ sábẹ́ ìpele tó pa rọ́rọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ṣe ni páìpù náà ń ṣe bí èyí tó dán. Bí ó bá yọrí, wàhálà dé. Tó bá wá yọ tán pátápátá, òṣùwọ̀n ìdènà kò wo eré omi mọ́, bí hóró ṣe tóbi sí páìpù ló ń wò. Iyanrìn lásán!

Ṣùgbọ́n omi ni Nikuradse lò. Afẹ́fẹ́ tó ń sáré ju ohùn lọ máa ń fún pọ̀, ó sì ń gbóná. Imú ọkọ̀ òfurufú Concorde, tó bẹ̀rẹ̀ sí í yà ní Dakar ní 1976 lójú ọ̀nà Paris sí Rio, máa ń gbóná tó 127°C nígbà tó ṣì ń fò, bẹ́ẹ̀ òtútù òkè lọ́hùn-ún ju ti yìnyín lọ. Ní àwọn ọdún 1960, Mark Morkovin sọ pé títí dé nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún eré ohùn, òfin afẹ́fẹ́ tó rọra ń lọ ṣì ń ṣiṣẹ́, tí a bá ti ṣírò bí ìwúwo rẹ̀ ṣe ń yí padà. Leslie Mack wá rí ìgbì kan tó jọ ohùn, tó há mọ́ ẹ̀gbẹ́ ara nǹkan. Bí ara náà bá tutù, ìgbì tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ á rọlẹ̀, ṣùgbọ́n èyí á máa gbilẹ̀ sí i.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, wọ́n ṣe òkòtó irin kan ní California: apá kan dán, apá kejì kún fún ihò wínníwínní. Nígbà tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ tó ń sáré ju ohùn lọ sí i, afẹ́fẹ́ náà dàrú lójú ibi tó dán. Lójú ibi oníhò, ìgbà mìíràn wà tó ń lọ gẹẹrẹ títí dé ìdí òkòtó, nítorí ihò wọ̀nyẹn ń gbé ìgbì Mack mì.