Iṣẹ́ Ẹrú, Ìjíṣẹ́ Ọmọ

Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹni tó bá ń kọ́ ọmọ ní ìjíṣẹ́ ló sábà máa ń pa òwe yìí: bí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi rán ọ bá le, wá omi tútù sí i kí o tó gbé e dé iwájú àgbà. Àlàyé yẹn tọ̀nà, àmọ́ apá kan òwe náà ló mú. Apá kejì ni pé iṣẹ́ tí a rán ni lè máà jẹ́ tẹni rárá. Ẹlòmíràn ló ro ọ̀rọ̀ náà, òun ló là á sílẹ̀, ẹsẹ̀ nìkan ni wọ́n yá lọ́wọ́ ìránṣẹ́. Síbẹ̀, ọ̀nà tí yóò gbà jẹ́ iṣẹ́ náà ṣì kù sí i lọ́wọ́, ibẹ̀ la sì ti ń mọ ọmọ yàtọ̀ sí ẹrú. Nínú gbogbo ohun tí òyìnbó kó wá bá wa, n kò rí èyí tí òwe yìí bá mu tó káàdì Kérésìmesì, pàápàá bí wọ́n ṣe ń fi ránṣẹ́ ní Ẹdẹ, Sekona àti àwọn abúlé tó yí wọn ká.

Ẹdẹ fúnra rẹ̀, iṣẹ́ rírán ló dá a sílẹ̀. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú The History of the Yorubas, tó jáde ní 1921, pé Aláàfin ló rán Tìmì wá síbẹ̀ láti gba àwọn oníṣòwò lọ́wọ́ àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń dá wọn lọ́nà. Ọdẹ tí wọ́n rán níṣẹ́ ṣọ́ọ̀nà ló wá di ọba aládé. Ní ààfin Ọ̀yọ́ kan náà, àwọn ìlàrí ló ń jẹ́ iṣẹ́ ọba. Wọn a fá apá kan orí wọn, wọn a sì sọ wọ́n ní orúkọ tó jẹ́ pé òun gan-an ni iṣẹ́: bí ìlàrí bá ti dé ìlú tó sì dárúkọ ara rẹ̀, baálẹ̀ ti mọ inú tí ọba wà. Ẹni tí kò ní ìlàrí a di àrokò. Ọ̀tọ́ńbà Payne, tó jẹ́ akọ̀wé àgbà ilé ẹjọ́ l'Ékòó, kó díẹ̀ nínú àrokò Ìjẹ̀bú jọ, G. W. Bloxam sì fi wọ́n han àwọn ọ̀mọ̀wé ní Lọ́ńdọ̀n. Ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1887. Owó ẹyọ, ìyẹ́ àti okùn ni, kò sí lẹ́tà kankan lára wọn, ẹni tó gbà á sì mọ ohun tí wọ́n wí.

Ká wá wo ibi tí káàdì ti ṣẹ̀. Ní 1840 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dín owó lẹ́tà kù sí kọ́bọ̀ kan péré káàkiri ilẹ̀ wọn, lẹ́tà bá ń wọlé bí òjò. Ọkùnrin kan tó wà nídìí ètò náà, Henry Cole, rí i ní 1843 pé lẹ́tà tí òun ní láti fèsì sí nígbà Kérésì ti pọ̀ ju agbára òun lọ. Ó bẹ ayàwòrán John Callcott Horsley lọ́wẹ̀, ó tẹ ẹgbẹ̀rún kan káàdì, ó lo èyí tó fẹ́ lò, ó sì ta ìyókù ní ṣílè kan kan, owó ńlá fún alágbàṣe ìgbà náà. Ẹ kíyè sí i: ẹni tí kò ráyè kọ̀wé ló dá káàdì sílẹ̀, kí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan kí ọ̀rọ̀ sì parí. Àwọn èèyàn wa gba ohun èlò yìí lọ́wọ́ òyìnbó, wọ́n sì fi ṣe òdìkejì ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ dá a.

Ọ̀nà tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa gùn. Èkó ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ní 1852. Ní 1874 ó ní sítáǹpù tirẹ̀, ọdún yẹn gan-an sì ni àwọn orílẹ̀-èdè pàdé ní Bern, ní Switzerland, tí wọ́n dá àjọ ìfìwéránṣẹ́ àgbáyé sílẹ̀. Ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, ó gba Ẹdẹ kọjá, ó sì dé Òṣogbo ní 1907. Láti ìgbà náà, àpò lẹ́tà kò ní láti rìn fẹsẹ̀ wọ Ẹdẹ mọ́. Sekona kò sí lójú irin ní tirẹ̀. Ojú títì tó ti ìhà Ifẹ̀ wọ Ẹdẹ ló wà, nítorí náà mọ́tò àti kẹ̀kẹ́ ló ń parí iṣẹ́ tí rélùwéè bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìlú kékeré bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í fi nọ́ńbà ilé kọ àdírẹ́sì, torí ilé kò ní nọ́ńbà. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá iléèwé tàbí àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń dárí lẹ́tà sí, ọmọ kíláàsì kan a sì mú un lọ fún baba rẹ̀ bí wọ́n bá jáde. Káàdì kan lè gba ọwọ́ èèyàn mẹ́fà kó tó dé, gbogbo wọn a sì ti wo àwòrán rẹ̀.

Wọ́n lè wò ó nítorí ẹnu àpòòwé kì í sábà ní lílẹ̀. Ohun tó fà á nìyí: fún ọ̀pọ̀ ọdún, òfin ìfìwéránṣẹ́ àgbáyé dín owó sítáǹpù kù fún káàdì títẹ̀, bí ẹnu àpòòwé bá wà ní ṣíṣí, tí ohun tí a sì fọwọ́ kọ kún un kò bá ju ọ̀rọ̀ ìkíni márùn-ún lọ. Ọ̀rọ̀ márùn-ún! Ẹni tó ṣe òfin yìí kò tíì gbọ́ bí Yorùbá ṣe ń kíra wọn. “Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún” ti di mẹ́fà, a kò tíì gbàdúrà pé ọdún á yabo, a kò bèèrè ìyá, a kò bèèrè ọmọ, a kò mẹ́nu ba iṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ pa òfin mọ́ a kọ orúkọ rẹ̀ nìkan, a sì dà bí ẹni tó ń bínú. Ọ̀pọ̀ yàn láti san owó lẹ́tà gidi.

Iléèwé ló kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́tà kíkọ. Lẹ́tà gbẹ̀fẹ̀ wà nínú iṣẹ́ èdè, àdírẹ́sì ní apá ọ̀tún lókè, lẹ́yìn rẹ̀ ni “mo lérò pé àlàáfíà ni lẹ́tà mi yóò bá ọ.” Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bọ́ sórí ọ̀rẹ́ orí ìwé, tí gbogbo ọmọ iléèwé mọ̀ sí penpal: ẹni tí a kò rí rí, tí a rí àdírẹ́sì rẹ̀ nínú magasíìnì, tó lè máa gbé ní Gánà tàbí ní Kánádà. Láàárín ọdún, ìwé aláwọ̀ búlúù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a ń ká mọ́ ara rẹ̀ ni wọ́n ń lò, torí ó rọ̀ jọ̀jọ̀ lówó. Àmọ́ kò sáyè láti ki nǹkan kan sínú rẹ̀, nítorí náà bí Kérésì bá ń bọ̀, ọmọ á wá owó káàdì, á wá ti àpòòwé, á tún wá ti sítáǹpù ọkọ̀ òfuurufú. Kì í ṣe gbogbo wọn ló fi òótọ́ inú kọ̀wé o. Stephen Ellis, nínú This Present Darkness tó jáde ní 2016, tọ́ka sí àwọn ọmọ iléèwé tó ti ń fi lẹ́tà gba nǹkan lọ́wọ́ ará Amẹ́ríkà láti ìgbà ìjọba òyìnbó. Ìránṣẹ́ burúkú ti wà tipẹ́.

Ní Ẹdẹ, ohun kan tún wà tó mú kí iṣẹ́ káàdì yìí ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù nínú ìlú náà, síbẹ̀ Kìrìsìtẹ́nì ni Tìmì John Adétóyèṣe Láoyè, ògbóǹtarìgì onílù tó jọba láti 1946 títí di 1975. Insa Nolte, Olúkọ̀yà Ògen àti Rebecca Jones ṣàtúntò odidi ìwé kan tó jáde ní 2017 lórí bí Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì àti oníṣẹ̀ṣe ṣe ń bára wọn gbé níbẹ̀. Nínú irú ìlú báyìí, kò sí ẹni tí ọdún ẹnìkejì kì í kàn. Ẹni tó bá gba káàdì ní Kérésì jẹ gbèsè káàdì ní Iléyá.

August 2001 ni tẹlifóònù alágbèéká GSM wọlé, káàdì sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọra kúrò nílẹ̀. Orí WhatsApp la wà báyìí, àwòrán òdòdó kan náà sì ń wọlé láti ọ̀dọ̀ ogójì ènìyàn. Mo ti gba èyí tí orúkọ alàgbà kan tí n kò mọ̀ àti “gbogbo ìdílé rẹ̀” ṣì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó fi ránṣẹ́ sí mi kò tilẹ̀ kà á dópin. Iṣẹ́ ẹrú tí a fi tẹrú jẹ́ gan-an nìyẹn. NIPOST, ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ wa, ṣì ń gba lẹ́tà o, ẹni tó bá sì ní ọ̀rẹ́ ní òkè òkun lè tètè fi káàdì rẹ̀ sílẹ̀ nínú oṣù November, kó kọ àdírẹ́sì tirẹ̀ sẹ́yìn àpòòwé.

Káàdì kan wà lọ́wọ́ mi tó ti December 2000 wá. Tísà kan ní Sekona ló ni ín, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ta aṣọ ní Ẹdẹ ló fi ránṣẹ́ sí i, Alhaji ni. Àwòrán ilé kékeré ni, yìnyín bo òrùlé rẹ̀, ẹyẹ aláyà pupa kan sì bà sórí ọgbà. Nínú, ìkíni Gẹ̀ẹ́sì wà ní lẹ́tà aláwọ̀ wúrà. Bírò búlúù ti gba gbogbo àyè tó kù, ó yí ìkíni náà po, ó gun ẹ̀gbẹ́ lọ sókè, ó sì parí sẹ́yìn níbi tí iye owó wà. Ó kà báyìí: “Bàbá Ṣadé, o kú ọdún o, ọdún á yabo. Ẹnu mi gbẹ bí mo ṣe ń kọ èyí, ààwẹ̀ wa ti wọ ogún. Ilé oníyìnyín yìí ni wọ́n ní lọ́jà, má bínú. Ṣé ikọ́ Màmá ti lọ? Bá mi sọ fún wọn pé oyin tí mo ṣèlérí ń bọ̀.”

Ẹdẹ sí Sekona kò jìnnà. Ọ̀kadà ì bá gbé ọkùnrin náà dé kí ẹ̀wà tó jinná. Ó yàn láti ra sítáǹpù, torí káàdì tó gba ilé ìfìwéránṣẹ́ wá níyì ju èyí tí a fọwọ́ mú wá lọ. Àdírẹ́sì iléèwé ló kọ sí i, iléèwé sì ti gba ìsinmi, nítorí náà káàdì náà jókòó sínú dúrọ́ọ̀ ọ̀gá iléèwé títí wọ́n fi wọlé ní January. Kérésì ti lọ, Ìtúnu Ààwẹ̀ tó tẹ̀ lé e lọ́jọ́ mélòó kan ti lọ pẹ̀lú. Iléyá, tó bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ March lọ́dún yẹn, ni tísà tó rí àyè san gbèsè rẹ̀. Ó ra káàdì tí wọ́n ya àgbò sí, ó kí Alhaji, ó kí àwọn ìyàwó, ó ṣàdúrà fún ọjà, ó sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé Màmá ní kí òun sọ pé ikọ́ ti lọ, àmọ́ oyin ni àwọn kò tíì rí.