Ìrìn Àjò Pẹ̀lú Ọmọ Tí Ó Ní Ọ́tísíìmù

Fún ọdún mẹ́sàn-án gbáko, orí fóònù nìkan ni ìyá àgbà kan ní Abẹ́òkúta ti ń rí ọmọ ọmọ rẹ̀. Lọ́ńdọ̀nù ni ọmọ náà ń gbé pẹ̀lú àwọn òbí rẹ̀, kì í sì í ṣe owó ọkọ̀ ni kò jẹ́ kí wọ́n wá sílé. Ọmọ náà ní ọ́tísíìmù. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ti gbìyànjú láti mú un wọ ọkọ̀ òfúrufú, nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà. Ariwo ìkéde àti ìlà gígùn tí ó wà níbi àyẹ̀wò ẹrù bà á lẹ́rù débi pé ó dùbúlẹ̀ sílẹ̀, ó fi ọwọ́ bo etí méjèèjì, ó sì ń ké títí ọkọ̀ náà fi gbéra láìsí wọn nínú rẹ̀. Àwọn tí ń kọjá ń mi orí. Ẹnì kan tilẹ̀ sọ ọ́ ní èdè Yorùbá, bí ẹni pé kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ọ, pé ọmọ tí a kò nà ní ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá ọmọ náà gbọ́ ọ. Láti ọjọ́ yẹn ni wọn kò ti dárúkọ ilé mọ́.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n tún gbìyànjú. Lọ́tẹ̀ yìí, oṣù méjì ni wọ́n fi múra sílẹ̀, wọ́n sì gúnlẹ̀ láyọ̀. Ohun tí wọ́n ṣe ní oṣù méjì náà, pẹ̀lú àwọn nǹkan mìíràn tí ó ti ran irú ìdílé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí.

Kí ni ó mú kí ìrìn àjò nira fún wọn?

Ní ọdún 1943, dókítà kan tí ń jẹ́ Leo Kanner, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa ọmọdé mọ́kànlá kan tí ìṣe wọn jọra. Wọ́n fẹ́ràn láti dá wà, wọn kò sì fẹ́ kí ohunkóhun yí padà ní àyíká wọn. Orúkọ tí ó lò fún un ni a ń pè ní ọ́tísíìmù títí di òní. Lẹ́yìn náà ni àwọn onímọ̀ wá rí i pé oríṣiríṣi ni ọ̀nà tí ọpọlọ ènìyàn gbà ń ṣiṣẹ́. Àwọn kan wà tí ọkàn wọn kì í dúró sójú kan, èyí tí a ń pè ní ADHD. Àwọn mìíràn wà tí ìwé kíkà máa ń nira fún bí wọ́n tilẹ̀ gbọ́n dáadáa. Kì í ṣe àrùn tí ń ràn ni èyíkéyìí nínú wọn, kì í sì í ṣe àìkọ́mọ.

Ní ti ọmọ tí ó ní ọ́tísíìmù, ìró, ìmọ́lẹ̀, òórùn àti ìfọwọ́kàn lè wọ̀ ọ́ lára ju bí ó ti ń wọ àwọn ẹlòmíràn lára lọ. Ìró tí àwa kò kọbi ara sí lè dà bí ìgbà tí ènìyàn ń lu agogo sí i létí. Bí ọjọ́ rẹ̀ bá ń lọ bí ó ti ń lọ lánàá, ara rẹ̀ balẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni ìrìn àjò bí kì í bá ṣe ọjọ́ tí ohun gbogbo yí padà lẹ́ẹ̀kan náà: ibùsùn, oúnjẹ, ojú àwọn ènìyàn, àti aago pàápàá?

Ó yẹ kí a mọ ìyàtọ̀ kan níhìn-ín, nítorí pé òun ni àwọn tí ń wòran kì í mọ̀. Ọmọ tí ń fi ẹkún béèrè nǹkan yóò dákẹ́ bí a bá fún un ní ohun tí ó ń fẹ́, ó sì máa ń yọjú wò bóyá a ń wo òun. Ọmọ tí nǹkan ti wọ̀ lọ́rùn kò béèrè ohunkóhun. Ẹ̀rù ti bò ó mọ́lẹ̀ ni. Ìbáwí kò ṣèrànwọ́ fún un. Ibi tí ó dákẹ́ rọ́rọ́ ni ó nílò, pẹ̀lú ẹnì kan tí kò ní máa sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Láàárín àwa Yorùbá, nǹkan mìíràn tún wà tí ó ń bo ọ̀ràn yìí mọ́lẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn àmì tí àwọn dókítà máa ń wò ni pé ọmọ náà kì í wo ojú ẹni tí ń bá a sọ̀rọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ tí kò wo ojú àgbà ni a ń pè ní ọmọ tí a kọ́. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ìdílé kì í fi í tètè fura.

Ìrìn àjò bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé

Ohun tí a kò mọ̀ ni ó ń dẹ́rù bani jù. Bí ọ̀ràn bá ti rí bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ àwọn òbí ni láti jẹ́ kí ọmọ náà mọ ibi tí ó ń lọ kí ó tó dé ibẹ̀. Olùkọ́ ará Amẹ́ríkà kan, Carol Gray, bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà kan ní nǹkan bí ọdún 1991 tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ àti òbí ń lò káàkiri ayé: ìtàn kúkúrú tí a kọ fún ọmọ kan pàtó, tí ó ń sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, pẹ̀lú àwòrán.

Ìdílé tí a mẹ́nu kàn níṣàájú ṣe irú ìwé kékeré bẹ́ẹ̀. Àwòrán ilé wọn wà ní ojú ewé àkọ́kọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwòrán pápákọ̀ òfúrufú, ibi tí a ń gbé ẹrù kọjá nínú ẹ̀rọ, ìjókòó inú ọkọ̀, ilé tí wọn yóò sùn sí ní Ìkẹjà, àti ìyá àgbà níwájú ilé rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Wọ́n ní kí àbúrò bàbá ọmọ náà gba ohùn jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀ sórí fóònù kí ó sì fi í ránṣẹ́. Wọ́n kọ́kọ́ ń gbé ohùn náà sókè díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n ń fi kún un lójoojúmọ́. Wọ́n tún kọ ohun tí ó lè má lọ bí a ti fẹ́ sínú ìwé náà: ọkọ̀ lè pẹ́, iná lè lọ lójijì, bàbá àti màmá yóò sì wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí kì í kọ èyí. Ohun rere nìkan ni wọ́n máa ń ṣèlérí, bí ìlérí náà bá sì yẹ̀, ọmọ kò ní gba ìwé náà gbọ́ mọ́.

Àwọn ibì kan wà tí a ti lè fi ìrìn àjò dánra wò. Ní ọdún 2011, ètò kan tí a ń pè ní Wings for Autism bẹ̀rẹ̀ ní pápákọ̀ òfúrufú Logan ní ìlú Boston, níbi tí àwọn ìdílé ti máa ń gba tíkẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń kọjá níbi àyẹ̀wò, tí wọ́n sì ń jókòó nínú ọkọ̀ tí kò ní gbéra. Ní Pittsburgh, òṣìṣẹ́ pápá náà kan tí ọmọ rẹ̀ ní ọ́tísíìmù ni ó mú àbá wá pé kí wọ́n ṣe yàrá tí ó dákẹ́ fún irú àwọn arìnrìn-àjò bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣí i ní ọdún 2019, àwòkọ inú ọkọ̀ òfúrufú sì wà nínú rẹ̀, tí ọmọ lè fi dánra wò kí ó tó wọ ojúlówó. Ẹni tí kò ní irú àǹfààní yìí nítòsí lè to àga sí ìlà ní pálọ̀, kí ó fi ìgbànú dè bíi bẹ́líìtì ìjókòó, kí ó sì mú ọmọ lọ wo pápákọ̀ ní ọjọ́ tí wọn kò rin ìrìn àjò kankan.

Ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó bi yín

Òfin tí ó wà ní ilẹ̀ Yúróòpù láti ọdún 2006, tí Bìrìtìkó náà ṣì ń tẹ̀ lé, sọ pé kí àwọn pápákọ̀ àti iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú ran arìnrìn-àjò tí ó ní àìlera lọ́wọ́ láìgba owó, bí a bá ti fi tó wọn létí ní wákàtí 48 ṣáájú. Kì í ṣe àwọn tí ń lo kẹ̀kẹ́ arọ nìkan ni òfin yìí wà fún. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tí ń ṣe àyẹ̀wò ní pápákọ̀ ní ètò kan tí a ń pè ní TSA Cares, wọ́n sì fẹ́ kí a pe àwọn ní wákàtí 72 ṣáájú.

Ní ọdún 2016, pápákọ̀ Gatwick nítòsí Lọ́ńdọ̀nù bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ènìyàn ní okùn ọrùn aláwọ̀ ewé tí a ya òdòdó sunflower sí lára. Ẹni tí ó bá fi í kọ́rùn ń sọ fún àwọn òṣìṣẹ́, láìla ẹnu, pé òun ní àìlera tí ojú kò rí, àti pé òun lè nílò sùúrù tàbí àkókò díẹ̀ sí i. Pápákọ̀ tí ó ti tẹ́wọ́ gba okùn yìí káàkiri ayé ti lé ní 200. Kò túmọ̀ sí pé a óò fo ìlà dandan, ẹ má sì ṣe sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ.

A mọ̀ pé àwọn òbí kan kò fẹ́ ẹ. Wọ́n ní àwọn kò lè fi ọwọ́ ara àwọn so àbùkù kọ́ ọmọ lọ́rùn. Ọ̀rọ̀ náà yé wa. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ pé ọmọ ní ìṣòro yóò pè é ní aláìgbọ́ràn, orúkọ yẹn ni ó sì burú jù. Okùn náà ṣeé bọ́ sínú àpò nígbà tí a bá jáde.

Ẹni tí ń lo oògùn ADHD gbọ́dọ̀ mú lẹ́tà dókítà rẹ̀ dání, kí ó sì fi oògùn náà sínú páálí tí wọ́n fi tà á fún un, nítorí pé oògùn tí ìjọba ń ṣọ́ ni púpọ̀ nínú wọn.

Láti Ìkẹjà dé Abẹ́òkúta

Ní oṣù January ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tí ó fi òfin de fífi ojú ọ̀tọ̀ wo àwọn aláìlera ní Nàìjíríà. Òfin náà sọ pé níbi tí ìlà bá wà, àwọn ni kí a kọ́kọ́ dá lóhùn. Ó tún sọ pé kí àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú fún wọn ní ipò àkọ́kọ́ nígbà tí a bá ń wọlé sínú ọkọ̀ àti nígbà tí a bá ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ mọ òfin yìí, kí ẹ sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ mẹ́nu kàn án. Òṣìṣẹ́ tí ó dúró níwájú yín lè má tíì gbọ́ ọ rí.

Ojú ọ̀nà ni iṣẹ́ wà. Ọkọ̀ inú gáréèjì kì í ní àkókò. Ìgbà tí ó bá kún ni ó ń lọ. Àgbèrò ń pariwo, àwọn tí ń kiri ọjà ń kan fèrèsé, èrò mẹ́rin sì jókòó síbi tí ó tó fún mẹ́ta. Fún ọmọ tí ètò ni ìfọ̀kànbalẹ̀ rẹ̀, kò sí ohun tí ó nira tó kí a sọ fún un pé “a ó lọ láìpẹ́” fún wákàtí méjì. Bí agbára bá ká a, ẹ gba odidi ọkọ̀, kí ẹ sì gbéra ní ìdájí.

Ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní ọdún 2021, ti di ìrànlọ́wọ́ fún irú àwọn ọmọ báyìí lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò rò. Ó ní àkókò tí ó ń gbéra, ìjókòó ní nọ́ńbà, àwọn ibùdókọ̀ sì tẹ̀ léra wọn láìyí padà. Ọmọ tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ti há orúkọ wọn sórí láti Lọ́ńdọ̀nù: Ẹ̀búté Mẹ́tta, Agége, Agbádó, Kájọlà, Pápáláńtò, Abẹ́òkúta. Ó ń pè wọ́n bí ọkọ̀ ti ń kọjá. Àmọ́ ọkọ̀ náà kì í pọ̀ lójúmọ́. Ẹ wádìí àkókò rẹ̀ kí ẹ tó fi í sínú ìwé ọmọ.

Àwọn àgbàlagbà tí ọpọlọ wọn rí báyìí náà ń rìnrìn àjò, wọ́n sì máa ń dá rìn. Kí ìwé ìrìnnà ní àpò kan ṣoṣo tí kì í kúrò níbẹ̀, kí tíkẹ́ẹ̀tì wà lórí ìwé àti lórí fóònù, kí fóònù sì pariwo ní wákàtí mẹ́rin ṣáájú, kì í ṣe ní ọ̀kan.

Nígbà tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹbí

Ẹ pe àwọn ará ilé ṣáájú. Ẹ sọ fún wọn pé ọmọ náà lè má dọ̀bálẹ̀, pé kí wọ́n má ṣe fà á mọ́ra, àti pé oúnjẹ kan tàbí méjì ni ó ń jẹ. Bí ayẹyẹ bá wà, kí wọ́n fi yàrá kan sílẹ̀ tí ó jìnnà sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ fojú kéré. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ yìí máa ń rìn lọ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, omi sì máa ń fà wọ́n. Rírì sínú omi ni ó ń pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó bá sọnù. Ní ọjọ́ tí ẹ bá dé gan-an, kí ẹ tó tú ẹrù, ẹ yí ilé náà ká. Ṣé kànga ní ìdérí tí ó ní kọ́kọ́rọ́? Àgbá omi ńkọ́? Ẹnu ọ̀nà wo ni kì í tì? Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù sínú àpò aṣọ ọmọ, ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀ ní òwúrọ̀ ìrìn àjò pẹ̀lú aṣọ tí ó wọ̀.

A fẹ́ bá àwọn àlùfáà wa sọ̀rọ̀ díẹ̀. Bí irú ìdílé bẹ́ẹ̀ bá wá sí ìsìn, tàbí bí wọ́n bá bá ìjọ wọ ọkọ̀ lọ sí àpéjọ, ẹ fi ìjókòó ẹ̀bá ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún wọn, kí ó jìnnà sí ìlù. Bí ọmọ náà bá ké, ẹ má ṣe pè é jáde síwájú ìjọ fún ìdáǹdè. Kì í ṣe ẹ̀mí àìmọ́ ni ó ń dà á láàmú. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni kò padà wá mọ́ nítorí irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ kan sì ti fara pa níbẹ̀.

Ní Abẹ́òkúta, ọjọ́ mẹ́ta ni ìyá àgbà fi jókòó sí apá kejì pálọ̀ náà, nítorí pé wọ́n ti sọ fún un pé kí ó má ṣe sún mọ́ ọn. Ní ọjọ́ kẹrin, ọmọ náà gbé ìwé rẹ̀ wá, ó ṣí i sí ojú ewé tí ó gbẹ̀yìn, ó fi ìka tọ́ka sí àwòrán tí ó wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà ó fi ìka kan náà kan ìyá àgbà ní apá.