Iná Kú, Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Kú: Ìtàn Bí A Ṣe Ń Mọ Ìgbà Tí Bátìrì Ọkọ̀ Tó Pààrọ̀

Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo, kú, ni àwọn Yorùbá fi ń sọ̀rọ̀ nípa nǹkan méjì tí ó lè ṣẹlẹ̀ sí bátìrì ọkọ̀. Bí awakọ̀ bá gbàgbé láti pa iná iwájú ọkọ̀ rẹ̀ kí ó tó lọ sùn, tí ọkọ̀ náà kò sì dá a lóhùn nígbà tí ó yí kọ́kọ́rọ́ ní òwúrọ̀, yóò ní bátìrì òun ti kú. Bí bátìrì náà bá ti lo ọdún pípẹ́, tí inú rẹ̀ ti jẹrà, tí kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i mọ́, yóò tún ní ó ti kú. Àwọn àgbà mọ̀ pé ikú kì í ṣe oríṣi kan. Wọ́n ní iná kú, ó fi eérú bojú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Iná tí ó kú ni a tún lè dá. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó kú kò tún jí mọ́, àfi kí òmíràn gba ipò rẹ̀. Bátìrì a máa kú ikú méjèèjì, ohun tí ó sì ń da àwọn ènìyàn láàmú láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ni bí wọn yóò ṣe mọ èyí tí ó kú.

Yorùbá nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà rú lójú. Hausa ń lo mutu fún ènìyàn, ó sì ń lò ó fún ẹ́ńjìnnì tí ó dákẹ́. Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ń pe bátìrì méjèèjì ní òkú. Faransé tí wọ́n ń sọ ní Kútọnu àti ní Dákà sàn díẹ̀, nítorí pé à plat wà lọ́tọ̀ fún bátìrì tí iná inú rẹ̀ kàn tán. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń ti ọkọ̀ lójú títì kì í sábà ráyè ṣa ọ̀rọ̀ tí ó bá ipò rẹ̀ mu. Bẹ́ẹ̀ sì ni àṣìṣe náà ní owó lórí. Ẹni tí ó bá ka ikú iná sí ikú ọ̀gẹ̀dẹ̀ yóò ra bátìrì tuntun nígbà tí owó ṣáàjì lásán ì bá tó o. Ẹni tí ó bá ka ikú ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí ikú iná yóò máa sanwó ṣáàjì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, títí di òru ọjọ́ kan tí ọkọ̀ yóò dá a dúró sí àárín ọ̀nà márosẹ̀ pẹ̀lú àwọn èrò rẹ̀.

Gaston Planté, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni a lè sọ pé ó mú ikú iná wọ inú bátìrì. Kí ó tó dé, láti ìgbà tí Alessandro Volta ti ṣe tirẹ̀ ní ọdún 1800, bátìrì tí iná rẹ̀ bá tán ti jẹ ara rẹ̀ tán nìyẹn: ohun èlò inú rẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ fi tuntun dípò. Ní ọdún 1859, Planté ká òjé pẹlẹbẹ méjì pọ̀ láìjẹ́ kí wọ́n fara kanra, ó rì wọ́n sínú ásíìdì, ó sì fi hàn pé a lè dá iná padà sínú wọn lẹ́yìn tí iná bá tán. Ní ọdún 1881, Camille Faure, ọmọ ilẹ̀ Faransé bákan náà, bẹ̀rẹ̀ sí í fi èròjà òjé tí a pò bí ẹ̀kọ kun òjé pẹlẹbẹ náà, èyí tí ó jẹ́ kí bátìrì gba iná púpọ̀ sí i, tí ó sì jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ lè máa ṣe é fún títà. Bátìrì tí ó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ lónìí kò tíì kúrò nínú ìlà ìdílé àwọn méjèèjì yìí.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ kò ṣòro láti yé ènìyàn. Nígbà tí bátìrì bá ń fún ọkọ̀ ní iná, ásíìdì inú omi rẹ̀ a máa lọ lẹ̀ mọ́ òjé, omi náà a sì máa fúyẹ́. Nígbà tí a bá ń ṣáàjì rẹ̀, ásíìdì a tú kúrò lára òjé, a padà sínú omi, omi a sì tún wúwo. Ṣùgbọ́n bí a bá fi bátìrì tí iná rẹ̀ ti tán sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ohun funfun tí ó lẹ̀ mọ́ òjé yóò le gbagidi, kò sì ní fẹ́ tú mọ́. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti díjú ju bí òwe ti pín in lọ: ikú iná tí a kò tètè mójú tó a máa di ikú ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ọkọ̀ ìgbà ìwáṣẹ̀ kò dúró de bátìrì kí ó tó ṣíná. Irin ìyí kan ni wọ́n ń tì bọ iwájú ẹ́ńjìnnì, tí wọn ń fi ọwọ́ yí i pẹ̀lú agbára. Bí ẹ́ńjìnnì bá ta irin náà padà, ó lè ṣẹ́ ènìyàn lápá. Ọkọ̀ Cadillac ti ọdún 1912, ní Amẹ́ríkà, ni ó kọ́kọ́ gbé sítátà oníná jáde fún títà káàkiri, láti ọwọ́ Charles Kettering. Láti ìgbà náà ni bátìrì ti di aṣíná ọkọ̀. Ṣùgbọ́n irin ìyí kò tètè parẹ́. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ó ń ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá ni wọ́n ṣì ń fi irin yìí sí títí di àárín ọ̀rúndún ogún, níwọ̀n ìgbà tí ọmọ ọkọ̀ bá sì ní apá, bátìrì tí ó rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń kígbe lé lórí. Nígbà tí irin ìyí kúrò nílẹ̀ ni ìbéèrè nípa ìgbà tí bátìrì tó pààrọ̀ wá di ọ̀ràn-an-yàn.

Ẹni tí wọ́n gbé ìbéèrè náà lọ bá ni bátìrì ṣájà. Ní gbogbo ìlú ńlá ilẹ̀ Nàìjíríà, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kì í jìnnà sí ti riwáyà àti ti mẹkáníìkì: bátìrì tò lọ rẹrẹ lórí pákó, wáyà so wọ́n pọ̀ mọ́ra, òórùn ásíìdì gba afẹ́fẹ́ kan. Bátìrì fólítì 12 ìgbà náà ní yàrá mẹ́fà, yàrá kọ̀ọ̀kan ní ìdérí tí a lè ṣí. Irinṣẹ́ rẹ̀ ni háídrómítà, ọ̀pá dígí tí ó ní rọ́bà lórí, tí ó fi ń fa omi yàrá kọ̀ọ̀kan wò. Bí omi bá wúwo tó nǹkan bí 1.265, yàrá náà kún. Bí ó bá sún mọ́ 1.120, ó ti gbẹ. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n iṣẹ́ náà kò sí nínú nọ́ńbà kan, inú ìfiwéra ni ó wà. Bí yàrá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá jọ lọ sílẹ̀, ikú iná ni. Kí a ṣáàjì rẹ̀ mọ́jú. Bí márùn-ún bá gòkè lẹ́yìn ṣáàjì tí ìkẹfà kọ̀, tí omi márùn-ún ń hó tí ti ìkẹfà dákẹ́ jẹ́ẹ́, a ti mọ ibi tí ọ̀ràn wà. Àwọn bátìrì àtijọ́ kan tilẹ̀ wà tí wọ́n ń fi ọ̀dà dí lórí, tí oníṣẹ́ lè yọ ọ̀dà náà, kí ó pààrọ̀ òjé yàrá kan ṣoṣo, kí ó sì dí i padà. Ìdájọ́ irú èyí kò mọ sí kí a lò ó tàbí kí a sọ ọ́ nù. Àyè wà láàárín méjèèjì.

Ìwé tí ó ń bá ọkọ̀ wá láti òkè òkun kò sì fi gbogbo ìgbà ran irú oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Ooru a máa jẹ́ kí ásíìdì tètè jẹ òjé, nítorí náà àwọn tí ń ṣe bátìrì fún ilẹ̀ olóoru a máa bu omi sí ásíìdì rẹ̀ ju ti ilẹ̀ olótùútù lọ. Bátìrì tí ó kún dáadáa ní Kano lè má wúwo ju 1.240 lọ. Ẹni tí ó bá fi òṣùwọ̀n ìlú London wọ̀n ọ́n yóò dá aláìṣẹ̀ lẹ́bi.

Ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ yìí tọ́ kí a dúró lé lórí. Nọ́ńbà ńlá tí a ń kọ sí ara bátìrì lónìí, tí àwọn olùtajà fi ń pọ́n ọjà wọn, ni ìwọ̀n iná tí bátìrì tuntun lè tú jáde fún ìṣẹ́jú-àáyá 30 nínú òtútù tí ó lọ sílẹ̀ dé -18 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Kò sí òwúrọ̀ kan rí ní Èkó, ní Àkírà tàbí ní Bamako tí ó tutù tó bẹ́ẹ̀. Ní Yúróòpù àti àríwá Amẹ́ríkà, ìgbà òtútù ni ó ń dán bátìrì wò: òtútù a mú kí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ki, a sì dín agbára bátìrì kù, bátìrì tí ó ti ń darúgbó yóò sì fi ara rẹ̀ hàn. Ní ilẹ̀ olóoru, ooru ni apani. Àwọn onímọ̀ a máa ṣírò rẹ̀ pé bí ooru bá fi ìwọ̀n 10 lé sí i, ẹ̀mí bátìrì a dín kù tó ìdajì. Ṣùgbọ́n ooru yìí kan náà ni ó ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì rọrùn láti yí, tí bátìrì tí agbára rẹ̀ ti tán fẹ́rẹ̀ẹ́ pátá fi ń ṣíná ọkọ̀ lójoojúmọ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Apani náà ni ó ń bo òkú mọ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí bátìrì fi máa ń dà bí ohun tí ó kú lójijì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí àwọn ènìyàn sì ń wí pé ó ṣiṣẹ́ lánàá.

Ní àwọn ọdún 1970 ni bátìrì tí a dí pa bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fi kálísíọ̀mù rọ́pò ohun tí wọ́n ń pò mọ́ òjé tẹ́lẹ̀, omi bátìrì kò sì yára gbẹ mọ́, wọ́n bá yọ ìdérí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kúrò. Ìrọ̀rùn ńlá ni èyí jẹ́ fún ẹni tí ó ń ra omi bátìrì ní gbogbo ìgbà. Àmọ́ ní ọjọ́ tí ìdérí kúrò ni bátìrì ṣájà pàdánù ojú rẹ̀. Àwọn kan nínú bátìrì wọ̀nyí ní ihò kékeré kan lórí tí ó ń hàn ní àwọ̀ ewé bí ara wọn bá dá. Yàrá kan ṣoṣo nínú mẹ́fà ni ojú náà sì ń wò. Márùn-ún yòókù lè ti bàjẹ́ kí ó ṣì máa tàn.

Ohun tí ó dípò ojú oníṣẹ́ ni ọjọ́ orí. Ìmọ̀ràn tí ó tàn kálẹ̀ ni pé kí a pààrọ̀ bátìrì láàárín ọdún 3 sí 5. Ìmọ̀ràn yìí kò burú fún ẹni tí ó mọ ọjọ́ ìbí bátìrì rẹ̀. Ní Nàìjíríà, lẹ́yìn ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ti ọdún 1986, nígbà tí owó náírà jábọ́ tí ọkọ̀ tuntun sì kọjá agbára òṣìṣẹ́ ìjọba, ọkọ̀ àlòkù ni ó gba títì kan, ọ̀pọ̀ nínú wọn gba Kútọnu wọlé. Yorùbá sọ wọ́n ní Tòkunbọ̀, orúkọ àbísọ ọmọ tí a bí sí ẹ̀yìn odi tí a gbé padà wá sílé, orúkọ tí ó ní ìyẹ́sí nínú. Bátìrì àlòkù náà bá ọkọ̀ àlòkù wá, wọ́n sì ń dá a tà lọ́tọ̀. Orúkọ ti dé, ọjọ́ ìbí kò bá a dé: àmì ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ tẹ̀ sára rẹ̀ ti pa rẹ́ tàbí kí ó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà tí ẹni tí ó rà á kò mọ̀ ọ́n kà.

Ó wá ku mítà. Bátìrì tí ó kún, tí ó sì ti sinmi fún wákàtí mélòó kan, yóò fi fólítì 12.6 hàn, tí ó bá wà ní 12.0, iná inú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gba èyí gbọ́ bí ẹni gba ìdájọ́ ilé ẹjọ́ gíga, bẹ́ẹ̀ ikú iná nìkan ni irú òǹkà bẹ́ẹ̀ ń sọ. Bátìrì tí òjé rẹ̀ ti ṣá lè fi 12.6 hàn, kí ó sì wó lulẹ̀ nígbà tí sítátà bá béèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti mọ ikú kejì, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣáàjì bátìrì náà kí ó kún, lẹ́yìn náà kí a di ẹrù lé e: kí a fa ìdajì iná tí nọ́ńbà ara rẹ̀ ṣèlérí fún ìṣẹ́jú-àáyá 15. Bí kò bá lọ sílẹ̀ ju fólítì 9.6 lọ ní ojú ọjọ́ tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò tíì tó pààrọ̀. Alternator pẹ̀lú yẹ ní wíwò, nítorí pé ọ̀pọ̀ bátìrì ni ó ti jìyà ẹ̀ṣẹ̀ tí alternator dá. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ tí mítà kò tó nǹkan bí 13.8, bátìrì tuntun mẹ́ta kò lè tán ọ̀ràn náà. Bí a bá sì wo àyíká dáadáa, ẹni tí ó ní ẹ̀rọ tí a fi ń di ẹrù lé bátìrì lónìí sábà máa ń jẹ́ ẹni tí ó ń ta bátìrì. Adájọ́ ti di olùpẹjọ́.

Àárín àwọn tí ń ra irin àlòkù ni èdè ti wá rí ọ̀rọ̀ tí ó ti ń wá tipẹ́. Wọ́n ń pe bátìrì tí ó kú ikú ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní kọ́ńdẹ́ẹ̀mù, ọ̀rọ̀ àyálò láti inú Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ gan-an, èyí tí ó túmọ̀ sí ohun tí a ti dá lẹ́bi. Kú wá ṣẹ́kù fún ohun tí ìrètí ṣì wà fún. Ṣùgbọ́n orí ìwọ̀n ni ẹni tí ó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ń gbé bátìrì sí. Ìwúwo òjé ni ó ń san owó lé, kò sì ní ìdí láti béèrè bóyá ṣáàjì òru kan ì bá gbà á là.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìwọ̀n náà ni ó jẹ́ kí ìdájọ́ yìí kọjá ọ̀rọ̀ àpò awakọ̀. Òjé ni ó pọ̀ jù nínú ìwúwo bátìrì. Ní Thiaroye-sur-Mer, ní ẹ̀gbẹ́ Dákà, àwọn aráàdúgbò ti ń fọ́ bátìrì àlòkù fún ọdún púpọ̀, òjé sì ti dà pọ̀ mọ́ iyanrìn. Nígbà tí òjé gbówó lórí lágbàáyé, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í jọ iyanrìn náà láti ṣa òjé inú rẹ̀, wọ́n sì ń kó o wọlé. Láàárín oṣù kọkànlá ọdún 2007 sí oṣù kẹta ọdún 2008, ọmọdé 18 ló kú níbẹ̀. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò wọn àti àwọn ìyá wọn fi hàn pé òjé ti kún ẹ̀jẹ̀ wọn. Ní ọdún 2025, ọ̀rọ̀ kan náà tún jáde ní Ògíjó, ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí àwọn ilé-iṣẹ́ ti ń yọ́ òjé bátìrì àlòkù fún títà sí òkè òkun: wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ń gbé nítòsí àti àwọn tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ wò, wọ́n sì bá òjé nínú rẹ̀, ti àwọn ọmọdé pẹ̀lú.