Àwọ̀ tó Fara Pamọ́: Ìtàn Ejò Àfín àti Òfin Ìjogún

Àwọn àgbà ní ẹni bíni là á jọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìgbà gbogbo ni ìjọra náà ń hàn sójú. Nígbà mìíràn, tọkọtaya tí ara wọn dúdú a bí ọmọ tí ó jẹ́ àfín, àwọn ènìyàn a sì máa fi ojú burúkú wo ìyá ọmọ. Ohun tí mo fẹ́ fi ìtàn sọ ni pé ejò ti jẹ́rìí gbe irú ìyá bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1961.

Gregor Mendel, àlùfáà Ìjọ Àgùdà ní ìlú Brno, ni ó kọ́kọ́ tú kókó ọ̀rọ̀ yìí. Irúgbìn kan tí ó jọ ẹ̀wà tiwa ni ó fi ṣe ìwádìí. Ó tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1866, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ kò kà á sí títí di 1900. Ó ṣàlàyé pé ohun méjì ni ọmọ ń jogún fún ìrísí kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Òun ni òyìnbó ń pè ní gene. Èmi yóò máa pè é ní èròjà ìjogún. Bí méjèèjì bá yàtọ̀, ọ̀kan lè borí èkejì. Èyí tí a borí kò kú. Ṣe ni ó fara pamọ́.

Ejò kan wà ní gúúsù ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní corn snake. Kò ní oró. Ara rẹ̀ pọ́n bí ọsàn, dúdú sì yí àwọn àmì ara rẹ̀ ká. Ní 1953, wọ́n mú akọ kan ní North Carolina tí kò ní dúdú kankan lára, tí ojú rẹ̀ sì pọ́n. H. Bernard Bechtel, dókítà awọ ara ní Georgia, fi ejò yìí ṣe ìwádìí. Nígbà tí irú akọ bẹ́ẹ̀ bá gun abo tí àwọ̀ rẹ̀ pé, gbogbo ọmọ ni yóò jọ ìyá. Ẹni tí ó bá dúró níbẹ̀ yóò ní àfín ti parẹ́. Ṣùgbọ́n ní 1961, ní ìran tí ó tẹ̀lé e, àfín tún yọ. Bechtel tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1962.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí akọ àti abo bá gbé èròjà àfín kọ̀ọ̀kan pamọ́, nínú ọmọ mẹ́rin a ó retí pé ọ̀kan kò ní gbé e rárá, méjì yóò gbé e pamọ́ bí òbí wọn, ọ̀kan yóò sì jogún rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ìkẹyìn yìí ni àfín. Irú ejò yìí mìíràn wà tí kò ní pupa, tí ara rẹ̀ rí bí eérú. Bí òbí méjèèjì bá gbé àìní dúdú àti àìní pupa pamọ́ pọ̀, nínú ọmọ 16 a ó retí 9 tí àwọ̀ wọn pé, 3 tí kò ní dúdú, 3 tí kò ní pupa, àti 1 péré tí kò ní méjèèjì, tí ó funfun bí òwú. Nítorí náà ni àwọn oníṣòwò ejò ṣe ń gba owó gọbọi lórí ejò tí àwọ̀ rẹ̀ pé, bí wọ́n bá ti mọ ohun tí ó gbé pamọ́.

N kò fi ènìyàn wé ejò. Òfin tí ó wà lára méjèèjì ni mo ń sọ. Ní 1994, àwọn onímọ̀ fi hàn pé lára ọ̀pọ̀ àfín ilẹ̀ Áfíríkà, apá kan ti já kúrò nínú èròjà ìjogún tí à ń pè ní OCA2. Ní 2015, àwọn onímọ̀ ní Geneva rí i pé OCA2 yìí kan náà ni ó bàjẹ́ lára corn snake tí kò ní dúdú.

Yorùbá ń pe àfín ní ẹni òrìṣà, ọmọ Ọbàtálá. Iyì ńlá ni, ṣùgbọ́n kò gba ìyá lọ́wọ́ ìfura. Ẹ̀rí tí mo kó sílẹ̀ yìí gbà á. Nínú irú àfín tí mo sọ yìí, ọmọ kò lè yọ bí kò ṣe pé bàbá àti ìyá jọ gbé e pamọ́. Láti ọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá ni wọ́n ti gbà á, láìmọ̀. Ohun tí ọjà ejò ń sanwó lé lórí, ẹ má ṣe jẹ́ kí a sọ ọ́ di ẹ̀sùn nínú ilé tiwa.